Ogun ní Ìdí Ààrò: Bí Fíìmù Ṣe Ń Fi Ìdílé Hàn Lásìkò Ogun

Bí a bá dárúkọ ogun níwájú àwọn ọ̀dọ́, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn ni ìbọn, ọkọ̀ òfurufú àti ọ̀gágun tí ń pàṣẹ. Ìwé ìtàn tí a fi ń kọ́ wọn ní ilé-ìwé kò sì yàtọ̀ sí èyí: ọdún tí ogun bẹ̀rẹ̀, ọdún tí ó parí, ẹni tí ó borí àti ẹni tí a borí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi àgbàlagbà tí ogun ṣojú rẹ̀ léèrè, ẹ ó rí i pé ibòmíràn ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Yóò sọ fún yín bí iyọ̀ ṣe wọ́n. Yóò sọ iye tí wọ́n ń ta gàrí, aṣọ tí ìyá rẹ̀ tà kí ọmọ lè jẹun, àti ẹ̀gbọ́n tí ó wọṣẹ́ sójà tí wọn kò rí mọ́. Ogun kì í jà ní ojú ogun nìkan; a máa jà ní ìdí ààrò pẹ̀lú.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ kí a jọ wo bí àwọn tí ń ṣe fíìmù ti ṣe fi ogun ìdí ààrò yìí hàn, láti ohun tí ó lé ní 80 ọdún sẹ́yìn títí di àkókò tiwa. Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi kàn wá ni pé inú fíìmù ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti kọ́kọ́ ń rí ogun lónìí, yálà lórí tẹlifíṣàn tàbí lórí fóònù ọwọ́ wọn. Àwọn àgbà sì wí pé ìròyìn kò tó àfojúbà. Ibi tí ọ̀rọ̀ fíìmù ti gba ìṣọ́ra nìyí: ìròyìn ni í ṣe, ṣùgbọ́n ó gbé ẹ̀wù àfojúbà wọ̀. Ẹni tí ó bá wò ó yóò rò pé òun wà níbẹ̀. Kò ní rántí pé ẹnì kan ni ó yan ilé tí kámẹ́rà wọ̀, tí ó sì yan ilé tí kámẹ́rà kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láìyà.

ÌDÍLÉ MINIVER

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí Ogun Àgbáyé Kejì, èyí tí àwọn baba wa ń pè ní ogun Hítílà. Ọjọ́ kẹta oṣù kẹsàn-án ọdún 1939 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde ogun sí Jámánì. Kí ọjọ́ náà tó pé rárá ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọmọ ilé-ìwé àti àwọn abiyamọ kúrò ní ìlú ńlá lọ sí ìgbèríko. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn tí wọ́n kó lọ tó nǹkan bí mílíọ̀nù kan àbọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1940, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í díwọ̀n oúnjẹ fún olúkúlùkù pẹ̀lú ìwé kékeré kan tí olùtajà yóò máa fàmì sí. Bọ́tà, ṣúgà àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kí ó tó kan àwọn ẹran yòókù àti ewé tíì. Láti ọjọ́ keje oṣù kẹsàn-án ọdún 1940 títí di oṣù karùn-ún ọdún 1941, àwọn ọkọ̀ òfurufú Jámánì ń da bọ́ǹbù lu London àti àwọn ìlú mìíràn. Àwọn ará ìlú tí wọ́n kú nínú rẹ̀, tí wọn kì í ṣe sójà, tó nǹkan bí 43,000.

Inú ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ni fíìmù Mrs. Miniver ti jáde ní ọdún 1942. Ìtàn ìdílé Gẹ̀ẹ́sì kan ni. Kí ogun tó dé, wàhálà ìyá ilé kò ju fìlà olówó gọbọi kan tí ó fẹ́ rà lọ, ti baba kò sì ju ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun lọ. Nígbà tí ogun dé, ọmọkùnrin wọn àgbà wọṣẹ́ ológun òfurufú. Baba gbé ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ kékeré láti lọ bá wọn kó àwọn sójà tí ọ̀tá há mọ́ etíkun Dunkirk. Ìyá bá awakọ̀ òfurufú Jámánì kan tí ó fara gbọgbẹ́ nínú ọgbà rẹ̀. Ọ̀tá yìí na ìbọn sí i wọ inú ilé ìdáná, ó fún un ní oúnjẹ àti wàrà, ó sì fi ọgbọ́n gba ìbọn náà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí àárẹ̀ mú un. Ní òru ọjọ́ kan, bàbá, ìyá àti àwọn ọmọ kékeré wọ inú ihò ààbò tí wọ́n gbẹ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Ìyá ń ka ìwé ìtàn, àwọn ọmọ ń sùn, títí bọ́ǹbù fi bẹ̀rẹ̀ sí í mi ilẹ̀ tìtì tí àwọn ọmọ fi jí pẹ̀lú ẹkún.

Ẹni tí ó bá wo òru yẹn kò lè tètè gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a béèrè ibi tí wọ́n ti yà á. California ní Amẹ́ríkà ni. Nígbà tí William Wyler, olùdarí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kọkànlá ọdún 1941, Amẹ́ríkà kò tíì wọ inú ogun náà. Oṣù kejìlá ni Japan kọlu Pearl Harbor. Wyler kò fi pamọ́ pé òun fẹ́ kí àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn àwọn Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n sì dìde ràn wọ́n lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí ìdílé náà fi ní láti jẹ́ ìdílé tí gbogbo ènìyàn yóò fẹ́ bá kẹ́dùn: ó mọ́, ó lẹ́wà, kò bínú, kò ja ìjà lórí oúnjẹ. Fíìmù náà gba ẹ̀bùn Oscar mẹ́fà. Ìwàásù tí ó parí rẹ̀, nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí bọ́ǹbù ti já òrùlé rẹ̀, ni wọ́n tẹ̀ sórí ìwé tí wọ́n sì pín káàkiri.

A kò sọ pé irọ́ ni fíìmù náà pa. Ìgboyà tí ó fi hàn wà lóòótọ́. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí ni pé àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ wà nínú ilé náà. Ẹlòmíràn ni ó ń dáná, ẹlòmíràn ni ó sì ń fọ abọ́. Nítorí náà, nínú fíìmù tí gbogbo ayé fi mọ ìyá ilé Gẹ̀ẹ́sì lásìkò ogun, a kò mọ bí ìyá náà ṣe ń mú oúnjẹ oní dé ọ̀la.

ỌSÀN KAN ṢOṢO

Lọ́dún kejì, ní 1943, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ṣe fíìmù kan tí ó sún mọ́ ìdí ààrò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orúkọ rẹ̀ ni Millions Like Us; Frank Launder àti Sidney Gilliat ni wọ́n darí rẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 1941, ìjọba ti ṣe òfin pé kí a máa pe àwọn obìnrin tí kò tíì lọ́kọ, láti ẹni 20 ọdún dé 30, síṣẹ́ ogun. Nínú fíìmù náà, wọ́n pe ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Celia. Ó ti ń lá àlá iṣẹ́ tí yóò wọ aṣọ ológun tí ó wuyì, àfi bí wọ́n ṣe rán an lọ sí ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀yà ara ọkọ̀ òfurufú. Ó fi bàbá rẹ̀ sílẹ̀ nílé, ó ń gbé ilé àjùmọ̀gbé pẹ̀lú àwọn obìnrin tí wọ́n ti ibi gbogbo wá. Ó fẹ́ ọmọ ogun òfurufú kan, kò sì pẹ́ tí ọkọ náà fi kú lójú ogun. Bí fíìmù ṣe ń parí lọ, Celia jókòó láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé oúnjẹ iléeṣẹ́, wọ́n ń kọrin, ọkọ̀ òfurufú ń kọjá lókè, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù yìí, wọ́n fi ọsàn ṣe ẹ̀fẹ̀: wọ́n ń rán àwọn òǹwòran létí irú èso tí ọsàn jẹ́, nítorí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti rí i mọ́. Ẹ̀rín ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ẹni tí ebi ń pa ni. Ìjọba ni ó fẹ́ kí wọ́n ṣe fíìmù náà kí iṣẹ́ iléeṣẹ́ lè wu àwọn obìnrin, síbẹ̀ ọsàn yẹn yọ́ wọlé. Díwọ̀n oúnjẹ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò sì parí pẹ̀lú ogun. Ọdún 1945 ni ìbọn dákẹ́. Oṣù keje ọdún 1954 ni wọ́n tó fòpin sí i. Ọmọ tí wọ́n bí ní ọdún tí ó bẹ̀rẹ̀ ti pé ọmọ ọdún 14. Kò sí fíìmù ogun tí ó lè gùn tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀GBẸ́NI GẸ̀Ẹ́SÌ NÍLÉ RẸ̀

Àwa ńkọ́, tí a wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà? Wọ́n fi fíìmù ìdílé ránṣẹ́ sí àwa náà. Ní ọdún 1939, ìjọba dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ ní London tí wọ́n ń pè ní Colonial Film Unit, láti máa ṣe fíìmù fún àwọn ènìyàn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso, pàápàá ní Áfíríkà, kí wọ́n lè fi ọkàn wọn sí ogun náà. Ẹni tí wọ́n fi ṣe olórí rẹ̀ ni William Sellers. Kì í ṣe àlejò sí ilẹ̀ yìí: òṣìṣẹ́ ìlera ni ní Nàìjíríà, ó sì ti ṣe fíìmù ní Èkó nípa bí a ṣe ń gbógun ti àrùn tí eku ń gbé kiri.

Ọ̀kan nínú àwọn fíìmù àkọ́kọ́ tí ẹ̀ka yìí ṣe ni Mr. English at Home, ní ọdún 1940. Ìtàn ọjọ́ kan ni, nínú ilé òṣìṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì kan: jíjí, oúnjẹ àárọ̀, baba ń lọ síbi iṣẹ́, àwọn ọmọ ń lọ sí ilé-ìwé, ìyá ń tọ́jú ilé, gbogbo wọn padà jọ di alẹ́. Kò ní ohùn tirẹ̀. Ọkọ̀ sinimá ni ó ń gbé irú fíìmù bẹ́ẹ̀ láti ìlú dé ìlú. Wọn yóò ta aṣọ funfun sí gbangba, ògbufọ̀ yóò sì máa fi èdè ìbílẹ̀ ṣàlàyé bí àwòrán ti ń lọ. Sellers gbà pé ojú ará Áfíríkà kò tíì mọ fíìmù wò, nítorí náà ó pàṣẹ pé kí àwòrán máa lọ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí a má fi ọgbọ́n àrà kankan sí i.

Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ ti rí. Lásìkò tí wọ́n ń fi ìdí ààrò Ọ̀gbẹ́ni Gẹ̀ẹ́sì han àwọn baba wa, kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ ní ìdí ààrò tiwọn? Ní Èkó, oúnjẹ gbówó lórí. Ìjọba yan òyìnbó kan, Captain Pullen, láti máa dá iye lé gàrí, ẹ̀wà àti àwọn oúnjẹ mìíràn. Iye tí wọ́n dá lé e kéré débi pé àwọn tí ń kó oúnjẹ wá láti oko kò rí èrè níbẹ̀, oúnjẹ bá sá kúrò lórí àtẹ, ó lọ sí ìkọ̀kọ̀. Àwọn obìnrin ọjà ni wọ́n dìde sí ọ̀rọ̀ náà, lábẹ́ Alimotu Pelewura, obìnrin Mùsùlùmí tí ó ń ta ẹja, tí ó sì jẹ́ olórí wọn ní ọjà Ereko. Kí ó tó di ti gàrí, ní oṣù kejìlá ọdún 1940, ó ti ṣáájú wọn láti kọ owó-orí tí ìjọba fẹ́ gbà lọ́wọ́ obìnrin. Ìjà wọn lórí iye oúnjẹ kò dáwọ́ dúró títí ogun fi parí.

Ogun kan náà ni èyí pẹ̀lú ti ìyáàfin Miniver. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé kámẹ́rà wọ ilé ìdáná ti California, ó wọ ilé òṣìṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ẹ̀ka tí ó ní ọkọ̀ sinimá àti òṣìṣẹ́ tí ó mọ Èkó dáadáa kò rí i pé ìyá tí ó ń ṣọ́ gàrí ní Ereko náà wà nínú ogun. Òun ni wọ́n fẹ́ kí ó wòran. Wọn kò rò pé a lè wo òun náà.

OJÚ ỌMỌDÉ

Nígbà tí ogun bá ti pẹ́ tí ó ti kọjá, tí kò sí ìjọba tí ń wá ẹni tí yóò gba ìwúrí mọ́, àwọn tí wọ́n jẹ́ ọmọdé nínú rẹ̀ a wá di àgbà, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tiwọn. Ọdún 1933 ni wọ́n bí John Boorman. Ní ọdún 1987, ó ṣe fíìmù Hope and Glory láti inú ìgbà èwe rẹ̀. Ohun tí ó wà níbẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí ti 1942. Bill, ọmọ kékeré inú fíìmù náà, ń gbádùn ogun. Òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣa àfọ́kù bọ́ǹbù bí ẹni ṣa òkòtó, wọ́n ń ṣeré nínú ilé tí ó wó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lóyún fún sójà ará Kánádà. Ilé wọn jóná, ṣùgbọ́n iná lásán ni ó jó o, kì í ṣe bọ́ǹbù. Nígbà tí bọ́ǹbù wó ilé-ìwé wọn, ńṣe ni àwọn ọmọ hó fún ayọ̀.

Bàbá Bill gba ìsinmi wálé lọ́jọ́ kan, ó mú agolo jáàmù Jámánì kan dání, èso tí a fi ṣúgà sè tí wọ́n fi ń pa búrẹ́dì. Jáàmù ti di ohun tí ojú ń pọ́n ìdílé náà sí. Síbẹ̀ ìyá kò gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án: bí wọ́n bá ti fi májèlé sí i ńkọ́? Baba ni ó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò kí wọ́n tó gbà. Ẹ̀rù ogun tí ó ga jù nínú fíìmù náà, orí tábìlì oúnjẹ ni ó wà. Ẹni tí ó ń wá ìwúrí kò ní fi irú rẹ̀ sí fíìmù. Ẹni tí ó rántí ni ó ń fi í sí i.

Ẹ jẹ́ kí a rékọjá sí ìhà kejì, sí ilẹ̀ Japan tí ó bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà jà. Ní ọdún 1988, Isao Takahata ṣe Grave of the Fireflies, fíìmù tí wọ́n fi ọwọ́ ya àwòrán rẹ̀, irú èyí tí a máa ń rò pé ti eré ọmọdé ni. Takahata fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí bọ́ǹbù jó ìlú Okayama ní oṣù kẹfà ọdún 1945. Ìtàn tí ó fi ṣe fíìmù náà jẹ́ ti Akiyuki Nosaka, tí ó kọ ọ́ ní ọdún 1967. Ebi pa àbúrò Nosaka obìnrin kú lásìkò ogun yẹn.

Ọmọ méjì ni ìtàn náà dá lé: Seita, ọmọ ọdún 14, àti àbúrò rẹ̀ Setsuko, ọmọ ọdún mẹ́rin. Bàbá wọn wà lójú omi pẹ̀lú ọkọ̀ ogun. Bọ́ǹbù iná jó ìyá wọn ní ìlú Kobe, ó sì kú. Wọ́n bá ara wọn nílé ìbátan kan. Wọ́n ta aṣọ dáadáa tí ìyá wọn fi sílẹ̀ láti fi ra ìrẹsì. Setsuko sunkún aṣọ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí oúnjẹ ń tán lọ, ìyá ilé bẹ̀rẹ̀ sí í bu ibi tí ó ki nínú ọbẹ̀ fún àwọn tí ń ṣiṣẹ́, ó sì ń bu omi ọbẹ̀ fún àwọn ọmọ òrukàn. Seita bínú, ó mú àbúrò rẹ̀, wọ́n lọ ń gbé nínú ihò ààbò kan lẹ́bàá odò. Ibẹ̀ ni ebi ti pa Setsuko kú, lẹ́yìn tí Japan ti jọ̀wọ́ ara rẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú fíìmù náà tí ó pa ọmọ yìí pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Ìyá ilé náà kì í ṣe ìkà ènìyàn; ìdílé tirẹ̀ ni ó ń bọ́. Ìkòkò kan ni ó wà, ẹnu sì pọ̀. Ohun tí ogun ń ṣe nìyẹn: a máa sọ ṣíbí ìpọnbẹ̀ di ohun tí ń dájọ́ ẹni tí yóò yè.

OGUN ABẸ́LÉ TIWA

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀nà jíjìn nìkan ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Láti oṣù keje ọdún 1967 títí di oṣù kìíní ọdún 1970, ogun abẹ́lé jà ní Nàìjíríà. Gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ òpìtàn ṣe ṣírò rẹ̀, àwọn tí wọ́n kú ní ìhà ìlà-oòrùn lé ní mílíọ̀nù kan, ebi ni ó sì pa ọ̀pọ̀ jù nínú wọn, pàápàá àwọn ọmọdé.

Chimamanda Ngozi Adichie kọ ìwé Half of a Yellow Sun lórí ogun yìí ní ọdún 2006. Ọmọ Yorùbá ni ó sọ ọ́ di fíìmù ní ọdún 2013: Biyi Bandele, tí wọ́n bí ní Kafanchan ní ọdún tí ogun náà bẹ̀rẹ̀ gan-an, tí ó sì kú ní ọdún 2022. Bàbá Bandele ti jagun Bọ́mà fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ogun kan, tí wọ́n bí nígbà ogun mìíràn, ni ó wá gbé kámẹ́rà wọ inú ilé àwọn tí wọ́n wà ní ìhà kejì. A rí ẹ̀kọ́ nínú èyí. Àgbọ́ẹ̀gbẹ́kan dájọ́, àgbà òṣìkà. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ òtítọ́ ogun gbọ́dọ̀ wọ ilé ẹni tí kì í ṣe tirẹ̀.

Nínú fíìmù náà, Olanna àti Odenigbo ń gbé ilé ńlá olùkọ́ yunifásítì ní Nsukka. Ìwé wà, ọtí wà, àlejò ń wọlé, ń jáde. Bí ogun ti ń lé wọn láti ìlú dé ìlú, bẹ́ẹ̀ ni ilé tí wọ́n ń gbé ń kéré sí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹrù wọn ń dín kù. Bọ́ǹbù dé bá wọn lẹ́nu ìgbéyàwó, oníyàwó àti àlejò sì sá. Ọmọ ọ̀dọ̀ kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Ugwu, òun ni ó ń dáná. Nínú ìwé, ojú Ugwu ni a fi rí ọ̀pọ̀ nǹkan. Nínú fíìmù, ipò rẹ̀ kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ ilé Miniver náà ni ó tún padà wá: ẹni tí ó mọ iye tí ó kù nínú ìkòkò ni kámẹ́rà kì í sábà dúró tì.

Fíìmù náà ti yẹ kí ó jáde ní Nàìjíríà ní oṣù kẹrin ọdún 2014, ṣùgbọ́n àjọ tí ń yẹ fíìmù wò dá a dúró, ó sì di oṣù kẹjọ kí àwọn ènìyàn tó rí i. Ó lé ní 40 ọdún tí ogun ti parí, síbẹ̀ ìtàn ìdílé kan nínú rẹ̀ ṣì ń ba àwọn kan lẹ́rù.

ÌYÁ TÍ Ó GBÉ KÁMẸ́RÀ

Nínú gbogbo fíìmù tí a ti kà sílẹ̀ yìí, ẹlòmíràn ni ó ń ya ìyá. Ní ọdún 2019, ìyá fúnra rẹ̀ gbé kámẹ́rà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni Waad al-Kateab ní yunifásítì Aleppo, ní ilẹ̀ Síríà, nígbà tí ìfẹ̀hónúhàn bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 2011. Ó fi fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í ya ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀. Ó fẹ́ dókítà kan, Hamza, wọ́n sì bí ọmọbìnrin kan ní oṣù kìíní ọdún 2016. Sama ni wọ́n sọ ọ́. Ẹni tí ó kà Lárúbáwá yóò mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: òun náà ni sánmà tí a ń pè ní èdè Yorùbá. Láti inú sánmà náà sì ni bọ́ǹbù ti ń bọ̀ sórí wọn lójoojúmọ́.

Lọ́dún yẹn, wọ́n dó ti ìlà-oòrùn Aleppo títí di oṣù kejìlá, nígbà tí ìdílé náà jáde kúrò níbẹ̀. Inú ilé ìwòsàn tí ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń gbé. Fíìmù náà, For Sama, tí Waad àti Edward Watts jọ darí, dàbí lẹ́tà tí ìyá kọ sí ọmọ láti ṣàlàyé ìdí tí wọn kò fi tètè sá. A rí òkú nínú rẹ̀, a rí ẹ̀jẹ̀ lórí ilẹ̀ ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n a tún rí àwọn ọmọdé tí ń fi ọ̀dà kun ọkọ̀ akérò tí ó ti jóná. A rí ọ̀rẹ́ ìyá yìí, tí ọkọ rẹ̀ wá èso kan ṣoṣo fún un nígbà tí oúnjẹ wọ́n jù ní ìlú, tí ó sì yọ̀ bí ẹni tí a fún ní wúrà.

Ẹ rántí ọsàn ọdún 1943. Ìlú yàtọ̀, èdè yàtọ̀, ogun yàtọ̀; èso kan ṣoṣo ni ó wà láàárín wọn. Ní 1943, ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi í ṣe kí ọkàn àwọn ènìyàn má ba à rẹ̀wẹ̀sì. Ní Aleppo, ẹni tí ó ya ayọ̀ obìnrin náà ń jẹ nínú ìyà kan náà pẹ̀lú rẹ̀.

OHUN TÍ Ó KÙ FÚN WA

Nígbà tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ bá tún jókòó ti fíìmù ogun, a rọ̀ yín kí ẹ máa bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Ta ni ó ṣe é, nígbà wo, kí ni ó sì ń wá? Nínú ilé tí ó fi hàn wá, ta ni ó ń se oúnjẹ, níbo ni ó sì ti rí i? Ilé ta ni kámẹ́rà kò wọ̀? Fíìmù tí ó bá dáhùn méjì àkọ́kọ́ dáadáa, ẹ gbà á gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí rere. Ìbéèrè kẹta, fíìmù kan kò lè dá a dáhùn; ẹ̀yin ni ẹ ó dá a dáhùn.

Ẹ̀yin òbí, iṣẹ́ yín náà wà níbẹ̀. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí ogun Hítílà parí ti ń lọ sí 90 ọdún tàbí ó ti kọjá rẹ̀. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ti di àgbàlagbà. Àwọn obìnrin tí wọ́n bá Pelewura jà lórí iye gàrí ti lọ, wọ́n sì gbé púpọ̀ nínú ìtàn ìdí ààrò wọn lọ. Kò sí ọkọ̀ sinimá tí yóò ti London wá láti béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó kù.

Fóònù tí àwọn ọmọ wa fi ń wo ogun ilé ẹlòmíràn lè gba ohùn ìyá àgbà sílẹ̀. Ẹ má kàn bi í léèrè ẹni tí ó ṣẹ́gun. Ẹ bi í léèrè ohun tí ó sè ní alẹ́ ọjọ́ tí oúnjẹ tán pátápátá, ẹni tí ó kọ́kọ́ bu fún, àti ohun tí òun fúnra rẹ̀ jẹ.